Ẹ Bi Wá: Omi Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, Ẹ̀wà Inú Àpò àti Ejò Oko

*Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Abúlé wa wà lẹ́yìn Ṣakí. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, odò wa á gbẹ. Mẹ́fà ni wá nílé; ilé náà gùn ní mítà 8, ó fẹ̀ ní mítà 5, páànù la sì fi bò ó. Ṣé omi òjò lè gbé wa dé ìgbà òjò mìíràn?*

Ó lè gbé yín débẹ̀, bó bá jẹ́ mímu àti oúnjẹ sísè nìkan lẹ ó fi ṣe. Ẹ ka lítà 5 lóòjọ́ fún ẹnì kan, ó di lítà 30. Àárín oṣù Kọkànlá sí àárín oṣù Kẹta jẹ́ ọjọ́ 120, ìyẹn lítà 3,600. Táǹkì onílítà 2,000 méjì ló yẹ yín.

Bí òjò bá rọ̀ ní mílímítà 1, mítà 1 níbùú lóòró á gba lítà 1. Ilẹ̀ tí òrùlé bò ni kí ẹ wọ̀n, ẹ má tẹ̀lé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ páànù. 8 lọ́nà 5 jẹ́ 40. Ẹ yọ ìdá kan nínú márùn-ún fún èyí tó ta dànù, ó ku lítà 32 fún mílímítà òjò kọ̀ọ̀kan. Òjò mílímítà 125 á kún táǹkì méjèèjì, òjò oṣù Kẹsàn-án nìkan sì sábà máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ lágbègbè yín. Ẹ máa lo omi oṣù Karùn-ún tàn, ẹ fọ táǹkì ní oṣù Kẹjọ, kí omi tuntun bá a ní mímọ́.

Ìdí táǹkì ló ń ba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yìí jẹ́. Omi lítà 2,000 wúwo bí àpò sìmẹ́ńtì 40. Bí ẹ bá gbé e ka pákó tàbí òkúta tó jìnnà síra, ìdí rẹ̀ á tẹ̀, á sì là. Kọnkéré tó tẹ́jú pẹrẹsẹ ni kó gbé gbogbo ìdí rẹ̀. Táǹkì dúdú ló dáa, torí oòrùn ló ń mú ọbẹ̀dò hù. Ẹ fi àwọ̀n tí ẹ̀fọn kò lè gbà bo gbogbo ẹnu rẹ̀. Kí ẹnu ẹ̀rọ sì ga sókè díẹ̀ sí ìsàlẹ̀, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ má bàa bá omi jáde.

Ìgbẹ́ alángbá àti eruku ọyẹ́ wà lórí páànù. Nígbàkígbà tí òjò bá ti dá fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ kọ́kọ́ darí lítà 40 àkọ́kọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù aṣọ fífọ̀. Èyí tí ẹ ó mu, ẹ sè é, tàbí kí ẹ da bílíìṣì tí kò lóòórùn dídùn sí i: bí agbára tí wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀ bá jẹ́ 3.5%, mílílítà 3 fún lítà 20, ẹ rò ó pọ̀, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 30. Omi tó bá dàrú, ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, torí ìdọ̀tí ń gba agbára bílíìṣì.

*Ẹ̀wà wa kì í pé oṣù mẹ́ta kí kòkòrò tó lù ú. Òògùn wo ni ká lò?*

A bẹ̀ yín, ẹ má fi sniper sí ohun tí ẹ ó jẹ. Afẹ́fẹ́ ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ kòkòrò náà. Ẹ ra àpò alápá mẹ́ta: ọ̀rá nínípọn méjì nínú, àpò híhun lóde. Ẹ da ẹ̀wà sínú ọ̀rá àkọ́kọ́, ẹ tẹ afẹ́fẹ́ jáde, ẹ lọ́ ọrùn rẹ̀, ẹ ṣẹ́ ẹ po, ẹ dì í pinpin. Bákan náà ni ìkejì àti ìkẹta. Ẹ má tú u fún oṣù méjì ó kéré tán. Kẹ́ẹ̀gì tó mọ́, tó gbẹ, náà dáa, bí ẹ bá kún un dé ẹnu.

Ẹ̀wà tútù á bu nínú ọ̀rá. Ẹ fi iyọ̀ gbígbẹ díẹ̀ àti ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀wà sínú ìgò gbígbẹ, ẹ mì í, ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ẹ tún un sá.

*Kí la lè ṣe bí ejò bá bu ènìyàn jẹ lóko?*

Ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mu, ẹ má sì fi okùn dì í: okùn lè jẹ́ kí ẹsẹ̀ kú. Ẹ bọ́ òrùka àti bàtà kó tó wú. Ẹ fi igi ti ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ tí ejò bù jẹ kó má mira, ẹ má jẹ́ kí ẹni náà rìn. Lórí ọ̀kadà, àárín èèyàn méjì ni kó jókòó. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ní òògùn oró ejò. Lọ́sẹ̀ yìí ni kí ẹ lọ béèrè èyí tó ní in, kí ẹ kọ nọ́ńbà fóònù wọn sára ògiri, pẹ̀lú ti ọlọ́kadà méjì tó lè jáde lóru.