Ta Ni Ká Gbà Gbọ́?

Ìbéèrè: Lọ́dọ̀ olùdámọ̀ràn, èmi àti ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 14, dáhùn ìbéèrè kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mo kọ ọ́ pé aláìgbọràn ni, ó máa ń fìbínú ti ilẹ̀kùn gbàgà. Òun kọ ọ́ pé òun kì í rí oorun sùn, òun máa ń sunkún lóru. Mi ò rí omijé rẹ̀ rí! Ta ló ń purọ́?

Ìdáhùn: Kò sẹ́ni tó ń purọ́, ìyá wa. Lọ́dún 1987, Thomas Achenbach, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 119 jọ. Ìbáramu ohun tí ọmọ sọ nípa ara rẹ̀ àti ohun tí ẹlòmíràn sọ nípa rẹ̀ jẹ́ 0.22 péré ní ìpíndọ́gba. 1 ni ìbáramu pátápátá. Gbogbo ilé ló ń gbọ́ ilẹ̀kùn gbàgà. Ẹkún abẹ́ aṣọ ìbora, ìrọ̀rí nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ oorun yẹn ló ká mi lára jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ẹ jókòó tì í lálẹ́, ẹ bi í pé ìgbà wo ni oorun máa ń dá lójú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì dákẹ́ gbọ́ ọ. Bó bá lè sọ pé ayé sú òun, ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ mú un lọ bá dókítà.