Ìbéèrè Yín: Rípọ́ọ̀tù ń ṣí dáadáa, àmọ́ tí mo bá ti ní kó prínt, ó parí

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, Microsoft Access la fi ń ṣàkọsílẹ̀ owó. Ìparí oṣù ni mo máa ń prínt iye tí kálukú dá àti gbèsè tó wà lọ́rùn ẹ̀. Láti bí ọ̀sẹ̀ méjì báyìí, rípọ́ọ̀tù yẹn á ṣí, orúkọ gbogbo èèyàn á pé, àmọ́ bí mo bá ti tẹ Print báyìí, Access á dákú, á sì pa ara ẹ̀ dé. Alága ti ní kí n tún gbogbo ẹ̀ tẹ̀ sínú Excel. Àwa tá a lé nígba! Ẹ gbà mí o.
Akọ̀wé, Ìbàdàn

Akọ̀wé wa, ẹ bá mi bẹ Alága kí wọ́n ní sùúrù ná. Orúkọ àti owó tẹ́ ẹ ṣì ń rí lójú kọ̀ǹpútà ò tíì sọ nù, ẹ má tíì tún nǹkan kan tẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé, ní bí ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, ṣé ẹ ò pààrọ̀ prìńtà? Torí rípọ́ọ̀tù Access máa ń rántí prìńtà tí wọ́n fi ṣètò ẹ̀, ìwọ̀n bébà, àlàfo etí bébà, gbogbo ẹ̀ ló ń tọ́jú sára, bẹ́ ẹ bá wá gbé prìńtà yẹn kúrò tàbí tí dráífà ẹ̀, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń bá prìńtà sọ̀rọ̀, bàjẹ́, ó lè máa wá ẹni tí ò sí nílé mọ́, ibẹ̀ ló ti máa dákú.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe kọ́pì fáìlì náà sórí flash. Mo mọ̀ pé ẹ máa fẹ́ fo ibí yìí, ẹ má fò ó o. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wọ Settings, ẹ fi Microsoft Print to PDF, tó ń sọ ohun tẹ́ ẹ bá prínt di fáìlì dípò bébà, ṣe default, ìyẹn prìńtà tí kọ̀ǹpútà á máa kọ́kọ́ lò, ó ti wà nínú Windows 10 àti 11, ẹ ò ní ra nǹkan kan, kẹ́ ẹ pa Access dé, ẹ tún un ṣí, kẹ́ ẹ wá prínt. Tí PDF bá jáde, ọ̀rọ̀ prìńtà ni: ẹ yọ dráífà ẹ̀, ẹ fi èyí tó bá Windows yín mu sí i. Ẹ lè gbé PDF yẹn lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà lónìí náà, kí ìpàdé má bàa bá yín lófo.

Tó bá tún kú, ẹ ṣí rípọ́ọ̀tù náà ní Design View, ẹ wọ Page Setup, tó bá jẹ́ Use Specific Printer ló wà níbẹ̀, ẹ yí i sí Default Printer, kẹ́ ẹ sèéfù ú.

Ó ṣì kọ̀? Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo data. Ẹ ṣí i ní Print Preview, kì í ṣe Report View o, torí Report View ò ní pín in sí ojú ewé bí prìńtà ṣe máa ṣe é. Ẹ máa ṣí i ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ ojú ewé kan náà ló ti ń kú ṣáá, àwọn tó wà lójú ewé yẹn lẹ máa yẹ̀ wò, ó lè jẹ́ fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ẹnì kan ló bàjẹ́. Èmi ò tiẹ̀ fẹ́ràn fọ́tò nínú Access rárá, fáìlì ẹ̀ ò lè kọjá 2 GB, fọ́tò ló sì ń tètè gbé e débẹ̀. Inú fódà ló yẹ kí wọ́n wà, kí Access kàn mọ ibi tí wọ́n wà.

Èyí tó kù ni Compact and Repair, tí Access fi ń tún fáìlì ẹ̀ ṣe, kí ẹlòmíì má sì sí nínú fáìlì náà nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣe é. Tíyẹn náà ò bá ràn án, ẹ ṣí database tuntun tó ṣófo, ẹ gba External Data kó gbogbo nǹkan wọ inú ẹ̀. Bí rípọ́ọ̀tù yẹn nìkan bá kọ̀ tí ò wọlé, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ ṣe òmíì, iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni. Tẹ́ ẹ bá máa kọ̀wé padà, ẹ sọ irú prìńtà tẹ́ ẹ ń lò fún mi, kẹ́ ẹ sì kọ ohun tó hàn lójú kọ̀ǹpútà kó tó dákú, bó ṣe wà gẹ́lẹ́.