Ta ni kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ẹ BI BÀBÁ WẸ́DÀ
Ẹni tó ń fi irin àti kọ́kọ́rọ́ jẹun ní Sábó, Ìkòròdú, ló ń dáhùn ìbéèrè yín.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Wẹ́dà, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni pírínsípà iléèwé girama aládàáni kan ní Ìgbògbò. A ti ṣòfin pé akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò gbọdọ̀ mú fóònù wọ kíláàsì, àmọ́ àwọn òbí ní àwọn kò lè fi ọmọ sójú ọ̀nà Bayeku láìsí fóònù lọ́wọ́. Inú páálí ní ọ́fíìsì àwọn tíṣà la ń kó wọn sí láàárọ̀. Ní sáà tó kọjá, fóònù kan sọnù, síìmù méjì sì pòórà nínú fóònù tó wà níkàlẹ̀. Káfíńtà wa ní òun á fi pákó kan lọ́kà fún wa, àpótí olójúlé púpọ̀ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan á máa ti fóònù rẹ̀ mọ́. Ọmọkùnrin kan tún ń ti Ìkẹjà wá bá mi pé kí n ra oníbátìrì tí wọ́n ń tẹ nọ́ńbà sí. Ọmọ 40 ló wà ní kíláàsì kan. Èwo ni kí n mú níbẹ̀?
Màmá Pírínsípà, Ìgbògbò

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú làálàá àwọn ọmọ. Kí ẹ tó bi ẹnikẹ́ni léèrè iye owó, ẹ bi í pé kọ́kọ́rọ́ kejì ń kọ́? Kọ́kọ́rọ́ méjì tàbí mẹ́ta ló máa ń bá àgádágodo jáde nínú páálí rẹ̀. Wọ́n á fún ọmọ ní ẹyọ kan, èyí tó kù á wá lọ gbé sórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, níbi tí tíṣà, ọlọ́dẹ, ẹni tó ń gbálẹ̀ àti ẹni tó wá gbowó omi ti ń kọjá. Tí iléèwé bá pè mí pé olè ja lọ́kà àwọn, etí ilẹ̀kùn ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ò ní rí ojú ibi tí wọ́n ti fi irin já a. Wọ́n rọra ṣí i ni.

Káfíńtà yín kò wí ohun burúkú, ṣùgbọ́n ẹ̀bá ọ̀sà lẹ wà. Tí òjò oṣù kẹfà bá dé, pákó á wú, ilẹ̀kùn kékeré 40 á bẹ̀rẹ̀ sí í há, àwọn ọmọ á sì máa fi ẹsẹ̀ ti ara ògiri fà á. Láìpẹ́, ìdè rẹ̀ á ti tú.

Ti ọmọ Ìkẹjà yẹn ń kọ́? Ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n bátìrì lòun náà ń jẹ, ọjọ́ tí bátìrì bá kú ní aago méjì ọ̀sán, ọmọ ń sunkún, òbí ń fọn fèrè mọ́tò ní géètì. Àwọn kan ní ojú ibi tí ẹ ti lè fi bátìrì 9V kàn án láti ìta kó lè jí. Tí tirẹ̀ kò bá ní in, ẹ dá a padà. Kí ẹ sì ní kó mú yín lọ sọ́dọ̀ ẹni tó lè tún un ṣe ní Ìkòròdú níbí, ẹni tí ẹ lè fojú rí. Ti oní-nọ́ńbà mẹ́ta tí wọ́n ń fọwọ́ yí, n kò fẹ́ rí i ní iléèwé rárá. Láti 000 dé 999, ẹgbẹ̀rún kan péré ni. Ọmọ tọ́wọ́ rẹ̀ yá, tó ń dán ẹyọ kan wò ní ìṣẹ́jú àáyá méjì, kò ní lò tó ìṣẹ́jú 35 tí yóò fi yẹ gbogbo rẹ̀ wò tán. Ẹ sì mọ àwọn ọmọ yín jù mí lọ.

Ohun tí èmi yóò ṣe fún yín ni lọ́kà irin, ojúlé kan fún ọmọ kan, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ kékeré tí wọ́n ń rì mọ́ ara ilẹ̀kùn, irú ti tábìlì ọ́fíìsì. Ẹ gba irú tí kọ́kọ́rọ́ àgbà kan ṣoṣo, tí a ń pè ní másítà, ń ṣí gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ yín ni kí másítà yẹn máa gbé, Màmá, kó má dé ọwọ́ ọlọ́dẹ. Àwọn kọ́kọ́rọ́ kejì, ẹ kó wọn sínú àpòòwé, ẹ lẹ̀ ẹ́, kí ẹ fọwọ́ sí ojú ibi tó lẹ̀ pọ̀, kí ẹ sì tì í mọ́ inú sééfù.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń tà á kì í sọ. Àwọn kọ́kọ́rọ́ tó pọ́ọ́kú yìí, ehín wọn kì í yàtọ̀ síra púpọ̀. Nọ́ńbà kékeré kan máa ń wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá rí nọ́ńbà kan náà lára méjì, ara wọn ni wọ́n ń ṣí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ ojúlé àkọ́kọ́, ẹ fi dán àwọn yòókù wò títí dé ìkẹyìn. Ẹni tó tà á lè máa pòṣé, ẹ jẹ́ kó pòṣé.

Ní ti irin, ẹ ní kó jẹ́ géèjì 18, tó nípọn bíi mìlímítà 1.2. Àwọn wẹ́dà kan á lo 22, tó fẹ́lẹ́ ju ìyẹn lọ, wọ́n á kun ọ̀dà dáadáa lé e, ẹ ò ní mọ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ àárín ilẹ̀kùn: tó bá rọ̀ wọnú, ẹ má gbà á. Fóònù ńlá òde òní ga ju sẹ̀ǹtímítà 16 lọ, ká má tíì sọ̀rọ̀ ẹ̀wù rẹ̀, nítorí náà mo máa ń gé ojúlé ní 12 fífẹ̀, 10 gíga, 20 jíjìn. Tí ẹ bá to mẹ́jọ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ní ìlà márùn-ún, 40 yín pé. Gbogbo rẹ̀ fẹ̀ tó mítà kan, ó ga tó ààbọ̀ mítà.

Irú lọ́kà bẹ́ẹ̀, bíi kílò 30 ni. Ṣé ẹ rí i? Kì í ṣe ohun tí ọkùnrin méjì kò lè gbé gba ojú fèrèsé lóru. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ fi bóòtù dè é mọ́ ògiri, láti inú ojúlé, kí orí bóòtù má sí níta. Ihò sì wà nínú búlọ́ọ̀kù wa. Bóòtù tó bá bọ́ sínú ihò yẹn, ọwọ́ lásán ló máa fà á yọ. Ẹ wá ibi òpó kọnkéré, tàbí kí ẹ kọ́kọ́ fi kọnkéré dí ihò náà.

Inú kíláàsì ni kó wà, ẹ má gbé e sí géètì. Ẹ wo bí 200 ọmọ ṣe máa to sẹ́yìn ọlọ́dẹ kan láàárọ̀! Kí tíṣà sì rí i kí ọmọ tan fóònù, kó tó pa á, kó sì tì í mọ́ inú lọ́kà. Àwọn ọmọ yìí gbọ́n: wọ́n á mú fóònù tó ti kú láti ilé wá, wọ́n á tì í mọ́lé pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́, èyí tó wà láàyè á wà nínú ìbọ̀sẹ̀. Ọjọ́ ìdánwò WAEC ni ẹ̀rín rẹ̀ máa ń di ẹkún, torí ẹni tí wọ́n bá ká fóònù mọ́ lọ́wọ́ nínú gbọ̀ngàn, gbogbo èsì rẹ̀ ni wọ́n lè fagi lé.

Àwọn òbí tó bá ní ẹ ń le jù, ẹ sọ fún wọn pé Faransé ti ṣòfin láti 2018 pé ọmọ iléèwé tí kò tíì ju ọdún 15 lọ kò gbọdọ̀ lo fóònù ní iléèwé.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, súpáfáísọ̀ ni mí ní iléeṣẹ́ kan ní Odogunyan. Ọ̀gá kò fẹ́ fóònù nídìí ẹ̀rọ mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí lọ́kà náà ní sọ́kẹ́ẹ̀tì nínú, torí kò síná nílé. Ṣé ó ṣeé ṣe?
Kúnlé

ÌDÁHÙN: Àbúrò, ó ṣeé ṣe, n kò sì ní bá yín ṣe é. Ẹ wo ọ̀rọ̀ wa ná: iléeṣẹ́ iná Egbin tó lè pèsè mẹ́gáwáàtì 1,320 wà níbí ní Ìkòròdú, àwa la tún ń wá ibi tá a ti máa ṣáàjì fóònù. Mo mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n bátìrì fóònù máa ń gbóná tó bá ń gba iná. Ẹ wá kó 50 wọn sínú irin tí a pa dé, pẹ̀lú ṣájà tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí wọ́n ti rà á, nínú iléeṣẹ́ tí kẹ́míkà wà. Tí ọ̀kan bá gbiná lóru, ta ló ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀?

Ẹ ṣe tábìlì ìṣáàjì sí gbangba níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, tí ẹnì kan á máa ṣọ́ ọ, fún àkókò ìsinmi nìkan. Fóònù tí bátìrì rẹ̀ ti wú, kó má wọlé rárá. Ní ti lọ́kà, kí gbogbo ènìyàn pa fóònù rẹ̀ kó tó tì í: irin máa ń dí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́nà, fóònù tó bá sì ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì kiri inú irin á jẹ bátìrì rẹ̀ tán kí iṣẹ́ tó parí. Ẹ lu ihò wínníwínní sí ẹ̀yìn rẹ̀ fún afẹ́fẹ́.

Ẹ̀rù tó ń ba àwọn òṣìṣẹ́ jù ni pé tí ìyàwó bá ń rọbí ńkọ́? Ẹ fi fóònù iléeṣẹ́ kan sí ọwọ́ súpáfáísọ̀, tọ̀sán tòru, kí nọ́ńbà rẹ̀ wà nílé gbogbo wọn. Tí ẹ kò bá ṣe èyí, ẹ ò ní rí fóònù gidi nínú lọ́kà yẹn.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru àti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán kò gbọdọ̀ jọ ní ojúlé kan. Ẹ lo táálì: òṣìṣẹ́ fi káàdì rẹ̀ sílẹ̀, ó gba kọ́kọ́rọ́; tó bá ń lọ, ó dá kọ́kọ́rọ́ padà, ó gba káàdì.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ọmọ mi sọ kọ́kọ́rọ́ lọ́kà rẹ̀ nù ní iléèwé. Mo fẹ́ gé ẹyọ méjì, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi nílé.
Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀dẹ̀

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ má gé ìkankan. Ẹni tó he èyí tó sọnù lè ṣì wà ní kíláàsì náà. Ẹ ní kí iléèwé pààrọ̀ ojú kọ́kọ́rọ́ náà, kí ẹ̀yin san owó rẹ̀. Lálẹ́ òní, ẹ tẹ *#06# lórí fóònù ọmọ yín, kí ẹ kọ IMEI tó bá jáde, nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù náà tó ní díjíìtì 15, sínú ìwé kan nílé.