Páàdì Tí Ó Bá Máòsì Géèmù Mu

Àbúrò mi, o ní máòsì géèmù tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ rà máa ń fò kiri nígbà tí o bá fẹ́ yìnbọn nínú géèmù, pé orí tábìlì onígíláàsì ni o ti ń lò ó pẹ̀lú páàdì pẹlẹbẹ kan tí ó ń dán tí o tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, o sì ń béèrè bóyá kí o dá a padà fún ẹni tí ó tà á fún ọ. Jọ̀wọ́, má tíì dá a padà. Ohun kan náà ni ojú mi rí ní yàrá mi ní Agbowó, owó máòsì méjì ni mo sì ná kí n tó mọ̀ pé máòsì kọ́ ni ó bàjẹ́, ibi tí mo gbé e lé ni kò dára.

Orí tábìlì tí wọ́n fi fọ̀máíkà dídán bò ni mo ti ń gbá géèmù nígbà náà. Bí mo bá fa máòsì sí ọ̀tún, ojú ìbọn yóò fò sókè. Bí mo bá sì rọra fà á, kò ní mira rárá. Ẹni tí mo ra máòsì lọ́wọ́ rẹ̀ ní kí n ra èyí tí ó wọ́n jù ú lọ, mo rà á, kò sì yàtọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí ọ̀rọ̀ náà ti sú mi, mo ya páálí bàtà kan, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ni máòsì àkọ́kọ́ tí mo ti jù sí kọ̀rọ̀ bá ń lọ geerege.

Iná kékeré kan wà lábẹ́ máòsì, ojú kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ó ń ya àwòrán ibi tí máòsì ń kọjá ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ó sì ń fi àwòrán kọ̀ọ̀kan wé èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ kí ó lè mọ ibi tí ọwọ́ wa yí sí. Ìmọ́lẹ̀ a máa gba inú gíláàsì kọjá, ohun dídán a sì máa dá ìmọ́lẹ̀ padà bíi dígí, nítorí náà ojú yìí kì í rí àmì tí yóò dì mú. Aṣọ tí wọ́n hun ní àmì lára káàkiri, bí ojú tiwa kò tilẹ̀ rí wọn. Lóòótọ́, páàdì onígíláàsì tí wọ́n dìídì ṣe fún géèmù wà, ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣe ojú rẹ̀ kí ó má jọ̀lọ̀ bíi ti tábìlì rẹ.

Lẹ́yìn èyí, ìwọ̀n ni ó tún fìyà jẹ mí. Páàdì aṣọ tí mo kọ́kọ́ rà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 22 sí 18. DPI 800 ni mo ń lò, èyí ni pé máòsì ń ka ìṣísẹ̀ 800 nínú íǹṣì kan tí ó bá rìn, mo sì dín ìyára kù nínú géèmù kí ojú ìbọn mi má baà gbọ̀n. Kí n tó lè yí ẹ̀yìn padà kojú ọ̀tá, mo ní láti fa máòsì tó sẹ̀ǹtímítà 20, páàdì a sì ti tán kí n tó yí tán. Nítorí náà, kí o tó náwó, mú rúlà, gbé máòsì sí apá òsì, kí o fà á títí ẹni tí o ń darí nínú géèmù yóò fi yí po lẹ́ẹ̀kan, kí o wá wọn ibi tí ó dé. Bí ó bá tó sẹ̀ǹtímítà 40, páàdì 45 sí 40 ni kí o wá. Ẹni tí DPI rẹ̀ ga, tí ó ń fi ọrùn ọwọ́ nìkan darí, lè lo èyí tí ó kéré sí i.

Páàdì ike líle máa ń yára, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti dúró gan-an lórí ohun tí a fẹ́ yìnbọn sí, ó sì máa ń tètè jẹ ẹsẹ̀ máòsì, àwọn ohun pẹlẹbẹ tí ó fi ń yọ̀. Tèmi tún ń lẹ̀ mọ́ apá mi nígbà tí iná bá lọ tí fáànù kò yí. Fún géèmù oníbọn, aṣọ ni mo fara mọ́, kí abẹ́ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà, kí wọ́n sì rán etí rẹ̀ yí ká, nítorí pé èyí tí wọn kò rán máa ń tú fọ́nrán, a sì máa ha ọwọ́.

Ìbàdàn yìí náà kò jẹ́ kí páàdì sinmi. Eruku ọyẹ́ ń wọ inú aṣọ, ọ̀rinrin ìgbà òjò sì ń jẹ́ kí máòsì wúwo lórí rẹ̀. Fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́, kí o sá a síbi tí òjìji wà. Orí páánù gbígbóná ni mo sá tèmi sí, àtè tí ó so aṣọ mọ́ rọ́bà sì yọ́, gbogbo rẹ̀ ká kò.

Bí o bá lọ ra páàdì ní Queen Cinema tàbí Dùgbẹ̀, mú máòsì rẹ dání, kí o sì fi ìka ti páàdì náà lórí káńtà àwọn tí ń tà á. Bí ó bá yọ̀, fi í sílẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n lálẹ́ òní, gé páálí kan ní 45 sí 40, kí o gbá géèmù lórí rẹ̀ fún wákàtí kan. Bí máòsì náà kò bá fò mọ́, kò sí ohun tí ó ṣe é.