Ọmọ mi kì í jẹ nǹkan kan àfi Indomie, kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún 4. Indomie ló ń jẹ láàárọ̀, òun náà ló ń béèrè lálẹ́. Tí mo bá gbé ẹ̀wà tàbí àmàlà àti ewédú síwájú rẹ̀, á panu dé. Mo ti bẹ̀ ẹ́, mo ti nà án, mo ti fi bisikíìtì ṣèlérí fún un. Ìyá ọkọ mi tó ń bá wa gbé tún ní kí n má fún un ní odindi ẹyin, kó má baà di olè.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, màmá. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ń gbé irú ọ̀rọ̀ yìí wá bá wa ní kíníìkì.

Kí ni ọmọ náà ń jẹ láàárín oúnjẹ kan sí ìkejì? Tí mo bá bi àwọn ìyá báyìí, wọ́n á ní kò jẹ nǹkan kan. Tá a bá wá kà á lọ́kọ̀ọ̀kan: bisikíìtì nílé-ìwé, súìtì lọ́wọ́ ìyá àgbà, ẹlẹ́rìndòdò tí bàbá rà bọ̀. Ikùn ọmọ ọdún 4 kéré, ìgò ẹlẹ́rìndòdò 35cl kan sì lè ní ṣúgà tó nǹkan bí ṣíbí tíì 9. Ọmọ tó mu ìyẹn ní aago mẹ́rin, ebi wo ni yóò pa á tí àmàlà bá délẹ̀ ní aago mẹ́fà? Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ mẹ́ta lóòjọ́, ìpanu kan tàbí méjì tó ní àkókò, bí ọsàn, ìbẹ́pẹ tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Omi ni kó máa mu láàárín wọn. Ẹ má fún un ní ẹ̀pà odindi o, ó lè há a lọ́fun.

Ẹ̀bẹ̀, pàṣán àti bisikíìtì, ẹ dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró. Bisikíìtì tí ẹ fi ṣèlérí ló ń jẹ́ kí ọmọ gbà pé ìyà ni ẹ̀wà. Ellyn Satter, onímọ̀ nípa oúnjẹ ọmọdé ní Amẹ́ríkà, pín iṣẹ́ náà sí méjì: òbí ló ń yan ohun tí wọ́n máa jẹ, ìgbà tí wọ́n máa jẹ ẹ́ àti ibi tí wọ́n ti máa jẹ ẹ́, ọmọ ló mọ̀ bóyá òun máa jẹ ẹ́ àti bó ṣe máa pọ̀ tó. Tó bá kọ̀ ọ́, ẹ ní "kò burú," ẹ palẹ̀ mọ́, ẹ má sì dìde lọ se Indomie. Mo mọ̀ pé ó le. Nílẹ̀ wa, ìyá tí ọmọ rẹ̀ bá kúrò nídìí abọ́ láìjẹun máa ń rò pé òun ti dáràn. Kò dáràn kankan.

Ọmọ ọdún 2 sí 6 a máa sá fún oúnjẹ tí kò bá mọ̀. Ó lè rí ewédú nígbà 10 tàbí 15 kó tó gbà á, nítorí náà, ẹ máa bu díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó ń jẹ, kí ẹ̀yin náà máa jẹ ẹ́ lójú rẹ̀.

Ní ti ẹ̀wà, ẹ fi ṣe mọ́ínmọ́ín. Ẹ jẹ́ kó bá yín bó ẹ̀wà lọ́jọ́ Sátidé, kó máa fọwọ́ kó èèpo tó bá léfòó. Òun ni kó ju ẹja sínú ewé kẹ́ ẹ tó pọ́n ọn. Ọmọ tó bá ti fọwọ́ sí i máa ń fẹ́ tọ́ ọ wò. Tó bá jẹ ẹ́ tán, ẹ fún un ní ọsàn: fítámì C inú rẹ̀ ń ran ara lọ́wọ́ láti gba èròjà tó ń fún ara lẹ́jẹ̀ látinú ẹ̀wà.

Ẹ má fòfin de Indomie pátápátá. Ẹ dín èròjà inú ọ̀rá rẹ̀ kù sí ìdajì torí iyọ̀, kí ẹ rẹ́ ẹ̀fọ́ àti kárọ́ọ̀tì sí i. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ń rù, tí oúnjẹ ń há a lọ́fun, tàbí tí ojú rẹ̀ ń funfun, ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹyin kì í sọ ọmọ di olè. Ohun tí àwọn àgbà kan sọ fún mi ni pé ẹyin àti ẹran wọ́n láyé ọjọ́un, wọn ò sì fẹ́ kí adùn rẹ̀ mú ọmọ débi tí á fi máa jí i. Ẹ má bá màmá jà. Ẹ bọ ẹyin kan, ẹ gbé e fún wọn, kí wọ́n fọwọ́ ara wọn pín in fún ọmọ-ọmọ wọn dípò súìtì. Bí wọ́n bá ṣì kọ̀, ẹ mú wọn tẹ̀ lé yín wá sí kíníìkì lọ́jọ́ tí ẹ bá ń gbé ọmọ bọ̀ wá wọn. Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì máa ń wọ̀ wọ́n létí ju ti ìyàwó ilé lọ.