Ọkọ̀ sójà àlòkù: ṣé ó ṣeé gùn lójoojúmọ́ ní Ṣábẹ̀?

Ìbéèrè: Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí níbí ní Ṣábẹ̀, èmi àti ọkọ mi sì ní oko kajú àti oko iṣu lọ́nà Kaboua. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sí takisí tó ń fẹ́ gba ọ̀nà oko wa mọ́. Àbúrò ọkọ mi tó wà ní Jámánì ti rí ọkọ̀ sójà kan tí wọ́n ń tà, Unimog ni wọ́n ń pè é. Ó ní kìlómítà tó wà lójú aago rẹ̀ kò ju 38,000 lọ, àti pé kò sí ọ̀nà tí kò lè gbà. Mo fẹ́ máa fi gbé àwọn ọmọ lọ síléèwé, kí n fi lọ sọ́jà, kí n fi kó ẹrù oko, kí n sì máa fi lọ Kùtọnu lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣé ká ní kó rà á?

Ìdáhùn: Màdáàmù, ẹ kú làálàá ọmọ ọlọ́mọ. Ọkọ̀ náà lágbára, n kò ní bà á jẹ́ lójú yín. Tó bá jẹ́ ti oko nìkan lẹ ń wí, ǹ bá ní kẹ́ ẹ rà á. Iléèwé àti ọjà tẹ́ ẹ kì mọ́ ọn ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò.

Oríṣi Unimog méjì ló wọ́pọ̀ nínú èyí tí àwọn sójà Jámánì ti lò tì. Ọ̀kan ni 404, tí Mercedes-Benz ṣe láti ọdún 1955 títí di 1980. Ẹ̀sáǹsì ló ń mu, ó sì lè mu lítà 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó rin kìlómítà 100. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kpayo, ẹ̀sáǹsì fàyàwọ́ tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà, tù yín nínú. Bó bá jẹ́ 404 ni àbúrò ọkọ yín rí, kó fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń fi ọkọ̀ àtijọ́ ṣe fàájì. Ìkejì ni U1300L: díísù ló ń mu, sìlíńdà mẹ́fà ló ní, agbára rẹ̀ tó ẹṣin 130. Èyí ni màá gbà pé ẹ ń wí.

Ohun tí mo fẹ́ràn lára rẹ̀ ni ẹ́ńjìnì, OM 352. Ẹ lè má mọ nọ́ńbà yẹn, ṣùgbọ́n ẹ mọ ohùn rẹ̀ dáadáa. Ìdílé ẹ́ńjìnì yẹn ló wà nínú Mercedes 911 àti 1113, àwọn kámíọ̀n onímú gígùn tó ti ń kó iṣu àti igi lójú ọ̀nà Parakou látọjọ́ tó ti pẹ́. Ti sójà kàn ní tọ́bò lórí ni, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnì kó lè lágbára sí i. Bó bá dákẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ ó rí àgbà mẹkáníìkì tó ti tú irú rẹ̀ palẹ̀ rí, ẹ ó sì rí ọ̀pọ̀ nínú ohun èlò rẹ̀ rà ní Kùtọnu.

Láti ẹ́ńjìnì dé ẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ yí padà. Gíà rẹ̀, tirẹ̀ nìkan ni. Lẹ́sẹ̀ táyà kọ̀ọ̀kan, wọ́n tún fi àpótí eyín irin kékeré kan sí i, tó ní ọ́ìlì tirẹ̀. Àpótí yẹn ló gbé ikùn ọkọ̀ náà sókè tó fi ń rékọjá kùkùté tí ọkọ̀ mìíràn ń há sí. Bí sílì inú rẹ̀, ìyẹn rọ́bà tó ń sé ọ́ìlì mọ́, bá gbó, ọ́ìlì á máa ṣẹ̀ jáde lẹ́yìn táyà, ó sì lè dé ara bíréèkì. Èyí tó bá bàjẹ́ níbẹ̀, Jámánì lẹ ó ti bẹ̀ ẹ́ wá, ọkọ̀ á sì dúró dè é.

Ẹ wá gbọ́ ti kìlómítà 38,000 yẹn. Lára takisí, ìròyìn ayọ̀ ni. Lára ọkọ̀ sójà, ó sábà máa ń sọ fún wa pé ọkọ̀ náà ti pẹ́ lójú kan ni. Wọ́n á gbé e jáde fún ìdánrawò, wọ́n á dá a padà sábẹ́ òrùlé, ó di ìgbà mìíràn. Irin kì í tètè ṣe nǹkan kan, rọ́bà ló ń kọ́kọ́ kú. Ẹ mú páìpù epo rẹ̀ dání kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́: èyí tó ti gan á là wẹ́wẹ́ lójú yín. Epo bíréèkì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, omi yẹn á dá ìpẹtà sílẹ̀ nínú, ẹsẹ̀ kan á di, èkejì á sì kọ̀ láti mú. Díísù tó ti pẹ́ nínú táńkì á ti di ẹrọ̀fọ̀ nísàlẹ̀. Kò ní yọ yín lẹ́nu lójú gúdúrónù, ọ̀nà ọlọ́dà. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gba gegele ọ̀nà oko tí táńkì ń mì ni yóò gbéra wá dí fílítà. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún ènìyàn pé, bó o bá ti mú owó ọkọ̀ sójà kalẹ̀, mú ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ sí i fún rọ́bà, oríṣiríṣi ọ́ìlì àti táyà, kí ọkọ̀ náà tó gbé ọmọ ènìyàn kan.

Táyà rẹ̀, 12.5 R 20 ni. Kì í ṣe oríṣi tí àwọn tó ń ta táyà kámíọ̀n máa ń tò síta lọ́dọ̀ wa. Kí àbúrò ọkọ yín wá àmì DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ni ọjọ́ orí táyà. Bó bá rí 2309, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2009 ni wọ́n ṣe é. Táyà lè nípọn bí ọjọ́ tó jáde, kó sì ti gbó látinú.

Ọ̀rọ̀ iléèwé wá kù. Bíréèkì U1300L dára, dísíkì ni lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Epo ló ń tì í, afẹ́fẹ́ ló ń ràn án lọ́wọ́. Afẹ́fẹ́ yẹn gan-an ni wàhálà òwúrọ̀. Ọkọ̀ tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún ò lè ṣe kó má jò níbì kan. Ilẹ̀ á mọ́, abẹ́rẹ́ aago afẹ́fẹ́ á ti sùn sórí òdo. Ẹ ó tan ẹ́ńjìnì, ẹ ó jókòó, ẹ ó máa wo abẹ́rẹ́ bó ṣe ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Ariwo á gba agboolé, èéfín á wọlé aládùúgbò, àwọn ọmọ á ti gbé báàgì kọ́rùn. Ẹ ò gbọdọ̀ kánjú o. Ẹni tó bá gbéra kí afẹ́fẹ́ tó pé, pẹ́dáálì á le mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ọkọ̀ ò sì ní dúró níbi tó fẹ́. Kí àbúrò ọkọ yín jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kún, kó pa ẹ́ńjìnì, kó ya aago náà ní fọ́tò, kó tún yà á lẹ́yìn wákàtí kan. Bó bá ti lọ sílẹ̀ púpọ̀, kó ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàádúrà.

Níbo làwọn ọmọ á tilẹ̀ jókòó? Iwájú ò gbà ju ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta lọ. Bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́yìn, àwọn sójà ni wọ́n ṣe é fún, kò sí bẹ́líìtì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó ọmọ iléèwé síbẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é nílùú wa, inú mi kì í dùn tí mo bá rí i.

Iná rẹ̀, fólítì 24 ni, bátìrì méjì tí wọ́n so pọ̀. Kámíọ̀n náà bẹ́ẹ̀ ni, kò sí àjèjì níbẹ̀. Àwọn oníwáyà ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Ẹ ní kí wọ́n fi rédíò sí i, wọ́n á fa wáyà láti ara bátìrì kan ṣoṣo, torí rédíò fólítì 12 ni. Á ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ebi á máa pa bátìrì tí wọ́n ń fà lára, èkejì á máa jẹ àjẹkì, kò sì ní pẹ́ kí méjèèjì tó kú. Kí wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ 24 di 12 sí i.

Ní ti Kùtọnu, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 250 kìlómítà láti Ṣábẹ̀. Ọkọ̀ yìí ò ń sáré ju nǹkan bí 80 lọ láàárín wákàtí kan, ó sì lè mu lítà 50 sí 60 ní àlọ nìkan. Àwọn kámíọ̀n Malanville á máa ya yín sílẹ̀. Ooru ńkọ́? Kò sí kílímà, ẹ̀rọ amúnú-ọkọ̀-tutù, ẹ́ńjìnì sì wà nítòsí ẹsẹ̀ yín.

Ìwé. Pẹ̀mí, ìwé àṣẹ ìwakọ̀, oríṣi B ò kọjá tọ́ọ̀nù 3.5, U1300L pẹ̀lú ẹrù ń lọ sí 7.5, pẹ̀mí C ni. Bí ẹ ò bá ní i, ẹ ó gba awakọ̀, owó oṣù rẹ̀ sì ti di ara owó ọkọ̀ nìyẹn. Ní Jámánì, VEBEG ni ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ta ohun tí àwọn sójà ò lò mọ́. Bó bá jẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn ni ẹ ti fẹ́ rà á, kí ẹni náà mú ìwé tí òun fi rà á jáde, kí nọ́ńbà ṣáṣí inú ìwé sì bá èyí tí wọ́n gbẹ́ sára irin mu. Láìsí ìyẹn, ANaTT, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìrìnnà orí ilẹ̀, ò ní fún yín ní kátì gíríìsì, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí tìrànsítíà kan, ẹni tó ń bá ènìyàn gba ẹrù ní èbúté, ní Kùtọnu ṣírò owó dúwánì, ìyẹn owó kọ́sítọ́ọ̀mù, fún yín kí kọ́bọ̀ kan tó jáde lọ́wọ́ yín.

Kí wọ́n sì kùn ún kó tó wọkọ̀ òkun. Láti ìparí ọdún 2021 tí àwọn agbébọn ti ń kọlu àwọn sójà wa lápá Alibori ní àríwá Benin, ojú ò fẹ́ràn láti rí ọkọ̀ aláwọ̀ ewé tí ẹni tí kì í ṣe sójà ń wà. Iṣu lẹ kó, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó di ìbọn mú lójú ọ̀nà ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ funfun tàbí pupa, èyí tó bá wù yín.

Ohun tí èmi ì bá ṣe rèé. Bó bá jẹ́ pé ọkọ̀ kan ṣoṣo lowó yín ká, ẹ wá Hilux onídíísù tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ́. Yóò kọ̀ yín ní ọjọ́ díẹ̀ nínú ọdún tí òjò bá rọ̀ lárọ̀ọ́dá. Àwọn ọjọ́ tó kù, á gbé yín. Bí ẹ bá fẹ́ Unimog dandan, ẹ ra ohun ìrìnnà kékeré mìíràn fún iléèwé àti ọjà, kẹ́ ẹ fi Unimog ṣòwò. Lásìkò kajú, láti oṣù kejì lọ sí oṣù karùn-ún, àwọn olóko ẹ̀gbẹ́ yín náà ń wá ẹni tí yóò bá wọn kó ẹrù jáde. Ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn àsìkò, kó máa jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kó gbóná dáadáa, torí bó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lójú kan, rọ́bà tuntun tẹ́ ẹ fi sí i á gba ọ̀nà tí ti àtijọ́ gbà.

Bí ẹ bá ti pinnu, kí àbúrò ọkọ yín lọ wò ó láàárọ̀ kùtùkùtù láìsọ wákàtí tó ń bọ̀ fún wọn. Kó gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnì kí wọ́n tó tan án. Bó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n ti tan án kó tó dé. Kó kí wọn pé ó dàbọ̀, kó padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Bó bá tutù, kó gbé fóònù sókè, kó ya fídíò láti ìgbà tí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ títí dé ìgbà tí èéfín bá dáwọ́ dúró, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.