Ẹ ka wákàtí ẹ̀rọ kí ẹ tó pín in

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi yín ṣe alámòójútó ẹ̀rọ ní lábù yín níbí n'Ìbàdàn, pé nǹkan bí èèyàn 40 ló ń du ẹ̀rọ mẹ́rin, ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ pín wákàtí méjì méjì fún kálukú. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti wà nídìí irú iṣẹ́ yìí. Wákàtí méjì méjì yẹn gan-an ni èmi náà fi bẹ̀rẹ̀, òun ló sì kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀.

Wákàtí èèyàn ni mo ń kà nígbà yẹn, mi ò ka ti ẹ̀rọ. Ẹ mú autoclave, ìkòkò ńlá tó ń fi ooru omi pa kòkòrò àìfojúrí. Ohun tí gbogbo ìwé ń sọ ni ìṣẹ́jú 15 ní 121°C. Akẹ́kọ̀ọ́ á kà á, á gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sílẹ̀, á ní òun ti fi èlé sí i. Ṣùgbọ́n omi inú rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná ná, afẹ́fẹ́ á jáde, ìṣẹ́jú 15 yẹn á wá kọjá, lẹ́yìn náà ni èèyàn á tún dúró títí ọwọ́ géèjì á fi sọ̀kalẹ̀ sí òdo. Tiwa kì í tán kí wákàtí kan ààbọ̀ tó pé. Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin tí ó kàn lórí ìwé dúró ti ọmọbìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ, ó ń wo aago, ó ń pòṣé. Ojú ti ọmọbìnrin náà, ló bá tú èéfín omi gbígbóná inú rẹ̀ sílẹ̀ kíákíá. Àgà (agar, oúnjẹ tí a fi ń tọ́ kòkòrò àìfojúrí) inú ìgò mẹ́fà hó lẹ́ẹ̀kan náà, ó ti ìdérí dànù, ó sì dà sí ìdí ẹ̀rọ. Ọpẹ́ ni pé kò bó ẹnikẹ́ni lára. Ọjọ́ méjì la fi ha á kúrò. Mo fẹ́ bá wọn wí, àfi ìgbà tí mo wo ìwé tí èmi fúnra mi kọ sára ògiri, mo rí i pé èmi ni mo ní kí ẹni kejì dé nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń hó.

Nítorí náà, kí ẹ tó ṣe òfin kankan, ẹ so ìwé kékeré mọ́ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí wọ́n kọ ìgbà tí wọ́n tan ẹ̀rọ, ìgbà tí sáńpù wọlé, àti ìgbà tí ẹlòmíì lè fọwọ́ kàn án. Ti ìkẹta yìí ló ṣe pàtàkì jù, òun náà ni kì í sí ẹni tó ń rántí.

Ẹ̀rọ PCR, tó ń gbóná tó ń tutù léraléra láti sọ DNA di púpọ̀, ló máa kọ́kọ́ yà yín lẹ́nu. Ìyípo 35, ó ń lọ sí wákàtí méjì, ó dọ́gba pẹ̀lú òfin yín. Àmọ́ ìlà tó gbẹ̀yìn nínú ètò rẹ̀ ni pé kó dúró sí 4°C títí tí ẹni tó ni iṣẹ́ á fi dé. Onítọ̀hún ti lọ sí Àgbowó láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ó di aago mọ́kànlá ọjọ́ kejì kó tó padà. Ẹ̀rọ olówó iyebíye ti di fíríìjì mọ́jú. Òfin wa báyìí ni pé àkókò rẹ kò tíì parí àfi tí túùbù rẹ bá kúrò nínú ẹ̀rọ. Bí ogún ìṣẹ́jú bá kọjá tí a ò rí ẹ, ẹni tó kàn lè kó wọn sí fíríìjì, kó kọ orúkọ rẹ̀ àti aago sórí pépà. Wọ́n kùn sí i fún oṣù kan, wọ́n ti gbà báyìí.

Ní ti HPLC, ẹ̀rọ tó ń ya àwọn èròjà inú omi sọ́tọ̀, ibẹ̀ ni owó ti bá mi lọ. Ẹ̀rọ yẹn fẹ́ kí lámpù gbóná, kí column (ọ̀pá tí omi ń gba inú rẹ̀ kọjá, tó ń ya èròjà) fara balẹ̀ kí sáńpù tó wọlé rárá. Ẹni tó bá ní sáńpù 20, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ti jẹ wákàtí mẹ́ta kọjá kó tó kan fífọ̀. Bí ẹ bá fún un ní wákàtí méjì, ibo ni ẹ rò pé ó máa gé? Fífọ̀ ló máa gé. Bọ́fà fọ́síféètì, ìyẹn omi oníyọ̀, ni ọmọ kan lò ní ọjọ́ Jímọ̀ kan. Ó yẹ kó fi omi tí a po methanol díẹ̀ mọ́ fọ gbogbo ẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó wá fi methanol gidi sí i. Aago ń lé e, ló bá ti orí bọ́fà bọ́ sí methanol tààrà. Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ Ajé, mo rí funfun ṣíṣú lára orí pọ́ǹpù, bí iyọ̀ tó gbẹ sẹ́nu àpò. Mo tan án, pírẹ́ṣọ̀ lọ sókè, kò sọ̀kalẹ̀ mọ́. Column ti dí, rọ́bà inú pọ́ǹpù ti ha. Ẹ mọ bí ríra irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láti òkè òkun ṣe ń pẹ́. Láti ìgbà yẹn, ìlàjì ọjọ́ tàbí òru ni a ń gba HPLC sílẹ̀ fún, ìṣẹ́jú 45 tó gbẹ̀yìn sì jẹ́ ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè kọ orúkọ síbẹ̀, ìbáà ṣe èmi.

Ẹ tún fi iná sínú ìṣirò. Dísùlù ti wọ́n, aago mẹ́wàá sí mẹ́ta ni jẹnẹrétọ̀ tiwa ń ṣiṣẹ́, wákàtí márùn-ún yẹn ni gbogbo ayé ń jà sí. Ibẹ̀ nìkan ni mo fi òdiwọ̀n sí, ìgbà méjì péré lọ́sẹ̀ fún ẹnì kan. Ìta rẹ̀, kí kálukú gba bó ṣe wù ú. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́ ẹnì kan, ẹ má ti ẹni tó tẹ̀ lé e síwájú o. Mo dán an wò. Wákàtí kan tó sọnù láàárọ̀ ti tú èèyàn márùn-ún ká kó tó di aago mẹ́rin, wọ́n sì ń pe fóònù mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Báyìí, ẹni tí iná dà láàmú ló máa kọ́kọ́ mú àyè tó bá ṣófo.

Àwọn tí ń gba àyè tí wọn ò sì wá, mo mọ̀ wọ́n dáadáa. Wọ́n dà bí ẹni tó gbé báàgì sórí àga mẹ́ta lóde ìnáwó. Owó ìtanràn kò ràn mí lọ́wọ́, ẹni tí ò lówó ló ń jìyà rẹ̀. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni pé àyè méjì péré lo lè ní níwájú lẹ́ẹ̀kan, kò sì gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ 14. Lo ọ̀kan tán kó o tó gba òmíràn. Ẹni tó bá pẹ́ ju ogún ìṣẹ́jú lọ pàdánù rẹ̀, àfi tó bá ti kọ sórí WhatsApp wa ṣáájú àkókò pé sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Mọ́kọ́lá ti mú òun.

Ó ku àwọn ọ̀gá. Wọ́n á rán ọmọ sí yín pé, "Pùròfẹ́sọ̀ ní kí ẹ fún mi láyè lónìí." Ẹ má bá ọmọ yẹn jà, iṣẹ́ ni wọ́n rán an. Mo gbé òfin lọ sí ìpàdé wọn kó tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n fọwọ́ sí i, mo sì fi àárọ̀ ọjọ́rú sílẹ̀ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á títí di ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọ̀gá tó bá ní kánjúkánjú, ibẹ̀ ni mo ń tọ́ka sí.

Google Calendar là ń lò, kálẹ́ńdà ọ̀tọ̀ fún ẹ̀rọ ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jẹ́ kí gbogbo èèyàn máa kọ nǹkan sí i, kò ní dá ẹni méjì dúró kí wọ́n má gba aago kan náà. Èèyàn méjì péré ló ń kọ ọ́ lọ́dọ̀ wa, a sì ń tẹ tòní sórí pépà lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn.

Ìwé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ so kọ́ lọ́jọ́ Ajé. Ẹ fi okùn so bírò mọ́ ọn o. Mẹ́rin ni wọ́n gbé lọ lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.